Ojú Ìwé Kan Ṣoṣo Tí Bàbá Kékeré Mọ̀

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀,
Baruwa, Ìpájà, Èkó.
9 Oṣù Kẹwàá, 2024.

Olúfúnmiláyọ̀, ọ̀rẹ́ àtàárọ̀ mi,

Báwo ni gbogbo ilé? Orúnkún Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń fẹsẹ̀ ara wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Ṣé Táyéwò ọmọ rẹ kò tíì gbàgbé wa láti ìgbà tí ẹ ti kó lọ sí Adó-Èkìtì? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Àmọ́ inú ń bí mi, Fúnmi, bí n kò bá sì sọ ọ́ fún ọ, n kò ní lè sùn.

O rántí Tíṣà Simeon, ará Èkìtì yín, tó kọ́ àwọn ọmọ wa níwèé? Ó ti lo ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ní Baruwa níbí. Òun ló sáré kiri títí a fi rí tiransifọ́mà gbà. Ní Sátidé tó kọjá, a fẹ́ yan alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn sì ń pè. Ni Bàbá Kékeré, Alhaji Yésúfù, àbúrò bàbá mi, bá dìde. Wọ́n gbé ìwé òfin Nàìjíríà jáde, tí wọ́n fi aṣọ funfun wé bíi Kùránì. Wọn kò tú u o! Wọ́n kàn gbé e sórí tábìlì, wọ́n wá ń ka àkọ́sórí, pé ọmọ ìpínlẹ̀ ni ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí òbí àwọn òbí rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀.

Wọ́n ní, "Ṣẹ́ ẹ gbọ́ ṣá? Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Àlejò ò lè ṣolórí wa!"

Àwọn ènìyàn ṣe àmín. Òfin ni wọ́n ń ṣe àmín sí!

Bàbá Kékeré kò gbọ́ òyìnbó, Fúnmi. Tíṣà yìí kan náà ló túmọ̀ ibẹ̀ fún wọn, nígbà tí Rasaq àbúrò mi ń wá iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n sì ń bi í pé ọmọ ìpínlẹ̀ wo ni. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ wà fún, kò kan alága àdúgbò rárá. Tíṣà tún túmọ̀ ibòmíràn fún wọn lọ́jọ́ náà, pé a kò gbọdọ̀ tìtorí ibi tí ọmọ Nàìjíríà ti wá fi ẹ̀tọ́ dù ú. Bàbá ní ìyẹn kò kan àwọn.

Mo kúnlẹ̀ láàárín ìpàdé, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Tíṣà ka ìyókù."

Wọ́n ní, "Nùsírátù, ẹ̀yìn ta lo wà gan-an? Jókòó jàre."

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Baruwa tí àwọn bàbá wa ti ń dáko kọ́ la ń gbé lónìí. Báwo ni ìwé tí a kò tú wò ṣe wá lè yan olórí fún wa? Qasim ni wọ́n yàn, ọmọ ìdílé wa, tó ti ń gbé ní Ayọ̀bọ̀ tipẹ́, tí kì í wá sípàdé.

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́tà òyìnbó kan dé fún Bàbá Kékeré. Ta ni wọ́n ránṣẹ́ pè? Tíṣà ni. Ó sì lọ! Ó kà á fún wọn tán, ó wá bi wọ́n bóyá kí òun ka ibi kejì nínú ìwé òfin náà. Wọ́n ní kó má tú aṣọ tí àwọn fi wé ìwé náà. Ojú tì mí débi pé n kò lè kí Tíṣà nígbà tó ń jáde.

Bá mi kí Màmá àti Táyéwò. Tíṣà ní kí n bi ọ́ bóyá ilé wà tí òun lè rẹ́ǹtì ní Adó. Mo ti bi ọ́ o. Jọ̀ọ́, Fúnmi, má tíì bá a wá a.

Èmi ni tìrẹ, tinútinú àti tìbínú-tìbínú,
Nùsírátù