Wọ́n Ní Ayédèrú Ni Ìbuwọ́lù Àbúrò Mi

Ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ mi. Èmi ni mo buwọ́ lu gbogbo káàdì bọ́ọ̀lù àbúrò mi, òun kò buwọ́ lu ẹyọ kan. Ó ti jáde lẹ́nu mi... Olùkọ́bìnrin ni mí níbí ní Savè, ní àdúgbò Plateau. Nígbà tí a wà ní kékeré, apá bàbá wa kò ká ọmọ méjì nílé ìwé, wọ́n bá yọ àbúrò mi ní CE1, ọdún kẹta ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú un lọ sóko ní Ofè kí èmi lè máa bá ìwé mi lọ. Bọ́ọ̀lù ni Ọlọ́run fi ṣàánú rẹ̀, ó gbá a dé Yúróòpù. Ó wá sílé fún vacances, ìsinmi rẹ̀, ó gbé páálí kan dání, káàdì tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sí ló kún inú rẹ̀. Àwọn tó ṣe káàdì náà ní kó buwọ́ lù wọ́n kí àwọn tó ń kó irú rẹ̀ jọ lè rà á. Ojú ń tì í, ó ní kí n bá òun kọ ọ́, pé ọwọ́ òun kò dáa. Ṣé kí n kọ̀ ni? Fún ẹni tó fi ìwé sílẹ̀ nítorí mi? Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ ọ́, mo tún fa ìrù gígùn sí lẹ́tà ìkẹyìn. Ká má parọ́, inú mi dùn sí i.

Nígbà tó yá, ó fi fọ́tò ọ̀kan nínú àwọn káàdì náà ránṣẹ́ sí mi. Ilé iṣẹ́ kan tó ń yẹ káàdì wò ti dè é mọ́ inú ike líle, wọ́n lẹ lébẹ́ẹ̀lì sókè rẹ̀. Nọ́ḿbà méjì ló wà níbẹ̀, mẹ́sàn-án fún káàdì fúnra rẹ̀, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá fún ìbuwọ́lù. Mẹ́wàá o! Mo rò pé ohun tí lébẹ́ẹ̀lì yẹn ń sọ ni pé ẹnì kan dúró ti àbúrò mi nígbà tó ń kọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n kàn ń fi ìbuwọ́lù tuntun wé àwọn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ta ló sì kọ àwọn tí wọ́n mọ̀? Èmi náà ni...

Ẹ wá gbọ́ o. Ìyàwó rẹ̀ fi sùúrù kọ́ ọ ní ìwé, ó mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ dáadáa báyìí. Ó bá mú káàdì kan, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù ú, àkọ́kọ́ irú rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún rẹ̀, kó fi dúpẹ́. Dókítà náà gbé e lọ fún ilé iṣẹ́ yẹn kí wọ́n bá òun dè é sínú ike. Wọ́n dá a padà láìní lébẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní ìbuwọ́lù náà kì í ṣe ti àbúrò mi. Dókítà wá rọra bi í bóyá ẹlòmíì ló bá a kọ ọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi! Èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ! Àbúrò mi sunkún sí mi létí lórí fóònù, ọkùnrin gìrìwò.

Tá a bá sọ òtítọ́, gbogbo káàdì tí àwọn èèyàn fi owó wọn rà di yẹpẹrẹ, wọ́n á sì máa pe àbúrò mi ní gbájúẹ̀. Tá a bá dákẹ́ ńkọ́? Ó ti wọ Cotonou. Sátidé ló ń bọ̀ wá bá mi, ó ti ra káyé tuntun tó máa fi kọ ìwé, ó ní kí n kọ́ òun bí mo ṣe kọ orúkọ òun sórí àwọn káàdì yẹn. Ẹ gbà mí o, ṣé kí n kọ́ ọ?