Àwo Kan Tó Ọ, Wàhábì

Asawase, Kumasi
Oṣù Kẹta, 1989

Wàhábì Àkànmú, ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùmù. Ṣé ara le ní Accra níbẹ̀? Ṣé oúnjẹ ń lọ lọ́fun? Òkun ìlú yẹn kò ní gbé ọ o, ẹsẹ̀ rẹ kò sì ní ṣì í rìn láàárín àjòjì. Àwa náà wà láàyè. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, òrùlé yàrá rẹ ń jò, mo gbé korobá sí i. Sàwúdátù àbúrò rẹ ti bí ọmọbìnrin, orí rẹ̀ gùn gbọọrọ bíi tìrẹ. Àlùbọ́sà wọ́n, èyí tó sì ń ti Bawku dé ti ń rà kí n tó tú àpò.

Ọ̀rọ̀ orin rẹ gan-an ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Láti ọjọ́ tí rédíò ti kọ́kọ́ gbé ohùn rẹ wá ni ara mi kò ti balẹ̀ mọ́. Èdè Twi lo fi kọ ọ́ látòkèdélẹ̀, àfi ibi tí o ti ní, ìyá mi, gbé ọbẹ̀ kaná, mò ń bọ̀. Gbogbo Kumasi ló ń kọ ọ́ nígbà náà, àwọn awakọ̀ trotro, àwọn ọmọge Adum, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, wọn ò mọ̀ pé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀. Èmi mọ̀. Nítorí náà, bí mo bá ti gbọ́ ọ, màá dá rédíò lóhùn pé o káàbọ̀, màá sì gbé ọbẹ̀ kaná. Ọbẹ̀ á hó, ọbẹ̀ á tutù, o ò ní dé. Àwọn ará ilé wa sanra lọ́dún yẹn.

Mo wá rò ó pé bóyá iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí o ráyè kúrò nílé rédíò. Mo di túwò àti ọbẹ̀ kúkà, mo wọ trotro, mo wá ọ lọ síbẹ̀. Sàláúdéènì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọn, ní kí n má bínú, Wàhábì kò sí níbí, àwo rẹ̀ nìkan ló wà níbí. Inú bí mi o. Mo ní ta ló ń bu oúnjẹ fún ọmọ mi nílé rédíò tó fi lọ tọ́jú àwo síbẹ̀, tí èmi ìyá rẹ̀ sì wà ní Asawase? Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Òun náà ló jẹ túwò yẹn nígbẹ̀yìn, nítorí ọwọ́ mi kò gbé e padà sílé.

Ní báyìí, rédíò kì í sábà pè ọ́ mọ́. Mo máa ń tan án láti àárọ̀, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń gbé sí i. Sùwéébátù tó wà ní yàrá kejì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ó ní olórin aláwo kan lọmọ mi, pé látìgbà yẹn kò ní òmíràn. Mo bi í pé òun, àwo mélòó ló fi ń jẹun lẹ́ẹ̀kan náà?

Ṣùgbọ́n ohun tí Láwàl ọ̀rẹ́ rẹ, tó ń fi ọkọ̀ kó àlùbọ́sà wá sí Accra, sọ fún mi dùn mí wọ eegun. Ó ní ojú ń tì ọ́, pé o búra pé o ò ní fẹsẹ̀ tẹ Asawase mọ́ àfi bí o bá ní àwo kejì. Wàhábì, nítorí àwo? Àwo tánganran rẹ, olódòdó pupa tí etí rẹ̀ bó, mo fọ̀ ọ́ lánàá, mo dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí pẹpẹ kí eruku má baà wọ̀ ọ́. N kò fi bu oúnjẹ fún ẹlòmíràn rí. Bó bá sì ṣe dandan kó pé méjì, màá ra ìkejì fún ọ lọ́jà Adum. Ilé làbọ̀ sinmi oko, a kì í bi ẹni tó ti oko dé ní ohun tó kó bọ̀ kó tó jókòó.

Bí o bá rí owó, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra bátìrì rédíò, èyí tó wà nínú rẹ̀ ti sọ gbogbo olórin di ẹni tó ń sunkún. Tàbí kí o má fi ránṣẹ́, mú un bọ̀ fúnra rẹ. Àárò rẹ ń sọ mí, ọmọ mi.

Ọlọ́run tó gbé ohùn rẹ wá á gbé ara rẹ tẹ̀ lé e. Orin kan yẹn tó mi, ìwọ ni n kò tíì rí tó. Mo ti gbé ọbẹ̀ kaná.

Ìyá rẹ,
Àríkẹ́ alálùbọ́sà