Ìwé Tí Ẹ Ní Kí N Fọwọ́ Sí Lórí Ọ̀rọ̀ Bàálù Yẹn

Ẹ kú ilé o, màámi. Láti Òkè-Àfà níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí bàbá mi, mo kí Bùrọ̀dá Lasisi, mo kí ìyá àgbà. Ṣé ẹsẹ̀ wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Faruku náà ń kí yín. Eyín méjì ti yọ lẹ́nu rẹ̀ nísàlẹ̀, gbogbo ohun tó bá rí ló fẹ́ gé jẹ. Ara wa le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ má bínú pé ìta gbangba ni mo gbé ìwé yìí sí. Ẹ̀yin náà lẹ jẹ́ kí gbogbo Ìsẹ́yìn gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹni mẹ́ta ló pè mí láti ilé kí n tó wẹ ọmọ tán, ohun kan náà ni gbogbo yín sì ń sọ: kí n fọwọ́ sí ìwé tí ilé iṣẹ́ gbé fún mi, kí n má fi agídí ba iṣẹ́ mi jẹ́. Bùrọ̀dá Lasisi tiẹ̀ ní ṣé èmi nìkan ni mo mọ òótọ́ ní gbogbo Èkó ni. Inú bí mi, mi ò ní parọ́ fún yín. Èmi ni mo gé fóònù, kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹni tó ti gbọ́ ìdajì lè gbọ́ ìdajì tó kù.

Ẹ mọ̀ pé pápá bàálù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ sì máa ń fi yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ yín. Iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ ni. Kì í ṣe inú ilé tí àwọn èrò ń jókòó sí là ń gbá o, ojú ọ̀nà tí bàálù máa ń sá lé kó tó gbéra gan-an ni. Òkúta kékeré, irin wẹ́wẹ́, ọ̀rá, ohunkóhun tí ẹ́ńjìnnì bàálù lè fà mu, àwa la máa ń ṣà á kúrò. Obìnrin mẹ́rin ni wá, pẹ̀lú Àǹtí Kẹ́mi tó jẹ́ ọ̀gá wa. Òun ló máa ń mú rédíò kékeré dání. A kì í tẹ ojú ọ̀nà yẹn àfi tó bá kọ́kọ́ bá àwọn tó ń darí bàálù láti orí ilé gogoro sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ní ká wọlé.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òjò ti rọ̀ mọ́jú, atẹ́gùn sì ti kó ìdọ̀tí sójú ọ̀nà. Àǹtí Kẹ́mi gba àṣẹ, gbogbo wa la gbọ́ ọ nínú rédíò, a sì wọlé. Inú rédíò yẹn náà la ti gbọ́ nígbà tí ọmọkùnrin tó wà lórí ilé gogoro sọ fún páílọ́ọ̀tì kan pé kó dúró sí etí ọ̀nà, pé àwọn èèyàn ń gbálẹ̀.

Màámi, nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ẹ bá rán mi níṣẹ́, ẹ kì í jẹ́ kí n kọjá ẹnu ọ̀nà kí n tó tún iṣẹ́ náà sọ sí yín létí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nídìí bàálù náà nìyẹn. Òfin ni. Ohun tí wọ́n bá sọ fún páílọ́ọ̀tì, ó gbọ́dọ̀ tún un sọ pátá, kí ẹni tó sọ ọ́ lè mọ̀ pé ó yé e. Ṣùgbọ́n eléyìí ò tún nǹkan kan sọ. Ó kàn dáhùn pé òun ti gbọ́. Àǹtí Kẹ́mi na ọrùn, ó ní kí ló dé tí ọmọ yìí ò ní kó tún un sọ. Ọmọ náà ò ní kó tún un sọ. Ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ bàálù mìíràn.

Kò pẹ́ tí mo fi rí bàálù yẹn tó yí imú sí wa. Àǹtí Kẹ́mi ń pariwo sínú rédíò, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, páílọ́ọ̀tì mìíràn ló sì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà yẹn, tó ń béèrè ibi tí òun máa gbà. Àǹtí Kẹ́mi ju rédíò nù, ó fi ọwọ́ méjèèjì tì wá. A sá wọ inú koríko tútù. Mo ṣubú, mo fi àyà gúnlẹ̀, omi ọyàn tú sí mi láṣọ, nítorí Faruku ò tíì mu ọyàn láàárọ̀ yẹn, oorun ló ń sùn nígbà tí mo gbé e fún ìyá onílé. Bàálù náà kọjá níbi tí a ju ìgbálẹ̀ sí. Ooru rẹ̀ gbá mi lẹ́yìn. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń bá ìrìn àjò wọn lọ. Ohun tí mo ń rò nínú koríko yẹn ni pé ta ni yóò lọ sọ fún ìyá onílé pé kó má retí mi mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pe gbogbo wa jókòó. Páílọ́ọ̀tì ní òun gbà pé wọ́n ní kí òun máa lọ ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí pé kí wọ́n ní kó máa lọ, ohun tó ń retí ló sì gbọ́. Wọ́n wá bi ọmọkùnrin orí ilé gogoro pé kí ló dé tí kò ní kó tún un sọ. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní àgbà páílọ́ọ̀tì ni bàbá yẹn. Ó ní lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, òun ní kó tún ọ̀rọ̀ kan sọ, ló bá sọ̀kò ọ̀rọ̀ lu òun níṣojú gbogbo ẹni tó ń gbọ́ rédíò, bàbá náà ní nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ sí í wa bàálù, ṣé wọ́n ti bí ọmọ náà ni. Ọmọ náà ní látìgbà yẹn, òun kì í fẹ́ bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀wọ̀ nìyẹn o. Nítorí ọ̀wọ̀ àgbà, ọmọ oṣù mẹ́jọ fẹ́rẹ̀ẹ́ di aláìníyàá. Àwa tó ṣubú sínú koríko, ẹ̀yìn ni wọ́n ní ká jókòó sí, kò sí ẹni tó bi wá ní nǹkan kan.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ìwé tí wọ́n tẹ̀ wá fún wa sọ pé Àǹtí Kẹ́mi ló kó wa wọ ojú ọ̀nà láìgba àṣẹ. Kò sí páílọ́ọ̀tì nínú rẹ̀, kò sí ọmọ orí ilé gogoro. Máníjà ilé iṣẹ́ wa ní ká tètè fọwọ́ sí i ká lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni méjì nínú wa ti fọwọ́ sí i. Ọ̀kan ò lè ka Gẹ̀ẹ́sì, ó rò pé wọ́n kàn ń kọ orúkọ àwọn tó wá síbi iṣẹ́ ni. Màámi, ẹ̀yin lẹ ta ìró ara yín kí n tó parí sẹ́kọ́ńdìrì. Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo fi ka ìwé náà. Ṣé kí n kà á tán kí n wá ṣe bí ẹni tí kò mọ̀wé? Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì mí kúrò lọ́nà ikú, òun lẹ ní kí n fọwọ́ tèmi tì síta.

Ẹ ní ọmọdé kì í bá àgbà jiyàn, ẹ ní kí n wo ojú ọmọ mi. Ojú rẹ̀ náà ni mo ń wò. Látìgbà tí bàbá Faruku ti bá iṣẹ́ lọ sí Kánò, èmi àti ọmọ nìkan la wà nínú yàrá yìí. Tí bàálù bá ń kọjá lórí òrùlé wa, tí wíńdò ń gbọ̀n, Faruku á máa rẹ́rìn-ín, á nawọ́ sókè. Tẹ́lẹ̀, èmi náà máa ń bá a nawọ́. Ní báyìí, ṣe ni mo máa ń gbé e mọ́ra, mo máa ń rò ó pé ta ló ń bá ta sọ̀rọ̀ lókè yẹn, ṣé wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé.

Mo mọ̀ pé owó oògùn ẹsẹ̀ ìyá àgbà, tí mò ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé òun ló ń mú ohùn yín gbọ̀n lórí fóònù. Ìyẹn ni mi ò fi lè bínú sí yín tó bí mo ṣe ń bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n mo bínú sí yín.

Láàárọ̀ yìí, mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé tèmi: àṣẹ tí Àǹtí Kẹ́mi gbà, ohun tí wọ́n sọ fún páílọ́ọ̀tì, ohun tó fi dáhùn. Mo fọwọ́ sí ìyẹn. Máníjà kà á, ó bi mí pé ṣé mo ti ríṣẹ́ síbòmíràn ni. Mo ní rárá, sà. Ó gba káàdì tí mo fi ń wọlé lọ́wọ́ mi, ó ní kí n máa lọ sílé títí wọ́n á fi pè mí. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á pè. Nígbà tí Àǹtí Kẹ́mi gbọ́, ó pè mí. Ó bi mí bóyá Faruku ti jẹun.

Nítorí náà, ẹ má ní kí n lọ bẹ ẹnikẹ́ni. Tí àwọn ọ̀rẹ́ yín bá bi yín bóyá mo ṣì wà ní pápá bàálù, ẹ má sọ pé ìsinmi ni mo gbà. Ẹ sọ pé wọ́n ti gba káàdì lọ́wọ́ mi, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.

Ọlọ́run á bá mi dá yín sí, ẹ ó fi ọwọ́ ara yín gbé Faruku jó. Ẹ bá mi kí bàbá mi, ẹ kí ìyá àgbà, ẹ kí gbogbo ará ilé, títí kan Bùrọ̀dá Lasisi. Ẹ ṣe àdúà fún mi, ìmọ̀ràn ti tó.

Èmi ni ọmọ yín,
Sidikatu, ìyá Faruku