Ìbéèrè Yunniang, àti Ìdí Tí Ẹ Kò Fi Gbọdọ̀ Fi Wúrà Kùn Mí

Èmi, Pu Jingxuan, ọmọ Pu Laocheng tó ń ta egbògi, tí mò ń gbé ní Abúlé Àpáta Funfun lẹ́sẹ̀ òkè ní ilẹ̀ Sichuan, ni mo ni ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí. Ọ̀gbẹ́ni Xie oníṣègùn ló ń bá mi kọ ọ́. Orí mi pé. Ọ̀gbẹ́ni Xie fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ mi láàárọ̀ yìí, ó ní ẹ̀dọ̀fóró mi ni kò dáa, pé kò sí nǹkan tó ṣe ọpọlọ mi. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí. Mi ò pé ọgọ́fà ọdún o. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn mi ló ń bù ú kún un lọ́dọọdún, èmi náà sì dákẹ́ nítorí ó dùn mọ́ mi.

Ìkíní. Ọ̀gbẹ́ni Xie àti Ìyá Mao tó ń ṣe wàrà sóyà ni mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ. Mi ò yan Geng Dezhao, àgbà nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn mi. Kó má bínú. Kí wọ́n ka ìwé yìí sí etí Yunniang, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, tó wà ní Chengdu. Bí kò bá fẹ́ wá, kí wọ́n gbé e lọ bá a. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú abẹ́rẹ́ kúrò nínú ilé yìí kí Yunniang tó gbọ́ ẹsẹ keje. Ó bi mí ní ìbéèrè kan ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, mo parọ́ fún un, ó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ìdáhùn yẹn gan-an ni ogún tí mo fẹ́ fi sílẹ̀. Ẹrù lásán ni ìyókù.

Ìkejì. Ilé mi, àgbàlá rẹ̀, àti igi píà mẹ́ta ẹ̀yìnkùlé di ti Yunniang. Òrùlé ilé ìdáná ń jò. Ó ti ń jò láti ìgbà tí ìyá rẹ̀, Liao Sanmei aya mi, ti wà láyé. Obìnrin yẹn máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé: “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lo ẹgbẹ̀rún ọdún láyé, ọjọ́ wo gan-an lẹ máa tún òrùlé ṣe?” Mo kàn padà sórí ìjókòó àṣàrò mi. Mi ò tíì tún un ṣe títí dòní.

Ìkẹta. Ìbaaka mi di ti Ìyá Mao. Gbogbo ènìyàn ló ń gé jẹ àfi òun.

Ìkẹrin. Ìjàpá inú odò kékeré, tí àwọn àlejò ń fọwọ́ pa lẹ́yìn kí ẹ̀mí wọn lè gùn, mo fi í fún Dezhao. Dezhao, má sunkún: ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyẹn. Òtútù pa ti àkọ́kọ́, mi ò mọ ohun tó pa ìkejì. Ọjà ni mo ti ń ra òmíràn kí ẹ tó jí.

Ìkarùn-ún. Ìkòkò irin tí bàbá mi fi ń se mákúrì, irin tó ń ṣàn bí omi, kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ jìn, kí wọ́n sin ín. Ó mu oògùn àìkú tó sè nínú rẹ̀, ó sì kú ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, tí erìgì rẹ̀ dúdú bí èédú. Ìkòkò yẹn ló lé mi sí ọ̀nà ti inú, àṣàrò tí à ń fi wá àìkú: ikùn ni ààrò, èémí ni iná, ohun tí ènìyàn kò fi ṣòfò nínú ara rẹ̀ ni egbògi. Mi ò sẹ́ ọ̀nà náà. Ó wo inú rírun mi sàn, ó sì gbé mi gun òkè ní ẹni àádọ́rin ọdún láìsí ọ̀pá. Ẹ kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé yóò kú.

Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹrin láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Xie ń fi ojú bẹ̀ mí kí n jókòó. Èmi tí wọ́n ń wá láti ọ̀nà jíjìn wá wò bí mo ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́! Ara mi kò balẹ̀ rárá.

Ìkẹfà. Dezhao ti ra ọ̀dà àti bébà wúrà pamọ́ sábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Mo rí i. Ó fẹ́ ṣọ́ ilẹ̀kùn mi fún ọjọ́ méje bí èémí mi bá ti dákẹ́, kó wá fi wúrà kùn mí lórí ìjókòó, kí wọ́n lè máa júbà mi bí ẹni tó ti di àìkú. Mo kọ̀. Bí èémí mi bá dákẹ́, kí Ọ̀gbẹ́ni Xie wọlé lójú ẹsẹ̀. Bí mo bá ti kú, kí wọ́n tẹ́ mi gbalaja, kí wọ́n sin mí sí ẹ̀gbẹ́ Sanmei.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Sanmei mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ. Ní ọjọ́ òtútù kan, ó wọ yàrá àṣàrò tòun ti ikọ́ lọ́rùn, èmi sì ni olùṣọ́ ilẹ̀kùn. Àṣà wa ni pé bí èémí ènìyàn bá ti dà bí ti ọmọ inú oyún, tí ìyẹ́ adìyẹ kò mì níwájú imú rẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́ gba àtàrí jáde nìyẹn. Ọjọ́ méje ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé, kí ẹ̀mí má baà ṣìnà. Wọ́n sì kìlọ̀ fún wa pé ohùn ẹ̀tàn yóò máa pè láti inú yàrá, kí olùṣọ́ má dáhùn.

Ní ọjọ́ kejì, Yunniang sáré mú oníṣègùn kan wá láti ìlú. Ó ń lu ilẹ̀kùn: “Bàbá, ẹ ṣílẹ̀kùn! Ikọ́ yẹn kì í ṣe ikọ́ lásán. Màmá mi ń kú lọ!” Mo na ìgbálẹ̀ sí ọmọ tí mo bí. Mo ní: “Panu mọ́! Ṣé o fẹ́ ba iṣẹ́ ogún ọdún jẹ́ mọ́ ìyá ẹ lọ́wọ́ ni?” Mo lé e lọ sí ilé ìdáná lódìkejì àgbàlá. Inú mi ń dùn. Mo sì ń jowú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ó fẹ́ dé ibẹ̀ ṣáájú mi.

Ní ọjọ́ keje mo ṣílẹ̀kùn. Kò jókòó. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló kú sí. Èmi ni mo gbé e padà sórí ìjókòó kí n tó pe ènìyàn. Mo ní ó ti gòkè lọ. Irọ́ yẹn ló ń fa àwọn àlejò wá síbí, òun náà ló ń bọ́ wa.

Ìkeje. Yunniang ọmọ mi. Létí sàréè o bi mí pé: “Bàbá, ṣé màmá mi pe ẹnikẹ́ni?” Mo ní yàrá náà dákẹ́ rọ́rọ́.

Ó pè. Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni. Kò pè mí. Ìwọ ló pè. Ó ní, “Yun, bu omi wá fún mi.” Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọwọ́ mi wà lára ilẹ̀kùn. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ń sọ fún ara mi pé ohùn ẹ̀tàn ni. Mo mọ ohùn aya mi. Àwọn tó kọ́ wa kò sọ fún wa pé ohùn ẹ̀tàn a máa húkọ́. Mo rí ọ láti ibi tí mo dúró sí, o ń gbé omi kaná lórí ààrò nítorí rẹ̀. Àgbàlá nìkan ló wà láàárín yín, mi ò sì pè ọ́.

Èyí ni ọ̀rọ̀ mi tó kẹ́yìn lórí ohun gbogbo tí mo ní. Mo fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ, ọdún kẹtàlélógún Ìjọba Olómìnira.

Pu Jingxuan

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Xie Boheng, oníṣègùn. Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, mi ò fi kún un.
Mao Guizhi, tó ń ṣe wàrà sóyà. Àtàǹpàkò rẹ̀ rèé.