Bàálù Ò Bàjẹ́

Ìsọ̀ bàtà mi,
Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, ẹni tó pọ̀n mí nígbà tí ìyá wa ò ráyè,

Mo kí yín kú ilé, mo kí yín kú àìlera. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìjókòó, kó má bá yín lórí ìdùbúlẹ̀, kí oúnjẹ máa wọlé, kí ẹ sì máa rí oorun sùn. Tí ẹ bá bèèrè mi, ara le, ọkàn nìkan ni kò le. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ka gbogbo ẹ̀ sí yín létí. Ìwọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, má fo ibì kankan o, pàápàá ibi tí mo ti bú ara mi. Tí o bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, o mọ̀ pé ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Ṣáà kà á bí o ṣe máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ohun tó gbé mi dé ìdí bírò ni pé mo parọ́ fún yín. Lọ́jọ́ tí mo pè yín láti pápákọ̀ òfuurufú lóṣù tó kọjá, mo ní bàálù bàjẹ́. Bàálù ò bàjẹ́. Bàálù yẹn le ju èmi lọ. Ó gbéra níṣojú mi, ó fò, ó sì balẹ̀ sọ́dọ̀ yín lásìkò. Èmi nìkan ni kò sí nínú ẹ̀.

Ẹ rántí ohun tí ẹ sọ fún mi kí n tó gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní dókítà ní òun ò ní tàn yín, pé tí àwọn bá ṣiṣẹ́ abẹ ojú yín láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó lè ríran dáadáa, ó sì lè má ríran mọ́. Ẹ ní, "Ẹlẹ́jọ́, wá kí n rí ẹ. Tó bá máa jẹ́ ìríkẹyìn, ojú tìẹ ni kí n rí gbẹ̀yìn." Mo ní mò ń bọ̀. Mo tiẹ̀ fọ́nnu. Mo ní lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí oòrùn tó wọ̀, ẹ máa wò mí títí ojú mi á fi sú yín.

Bàálù olówó pọ́ọ́kú ni mo fẹ́ wọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi ló bá mi gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ó kìlọ̀ fún mi o. Ó ní, "Bàbá oníbàtà, owó pọ́ọ́kú, òfin rẹpẹtẹ." Mo ní òfin wo ni mi ò tíì rí láyé yìí. Ẹ wò ó, mi ò tíì rí nǹkan kan.

Orúkọ ìlú ńlá ni wọ́n fi pe pápákọ̀ ọ̀hún, àmọ́ ìlú ńlá náà ò mọ̀ ọ́n rí. Bọ́ọ̀sì méjì ni mo wọ̀, màlúù tí mo rí lọ́nà pọ̀ ju ilé lọ. Ìgbà tí mo débẹ̀, ilé náà dà bí ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n kó ẹrù kúrò nínú ẹ̀ tí wọ́n wá kó èèyàn sí. Àga tó wà níbẹ̀ ò ju ti onígbàjámọ̀ lọ. Àgbà jókòó sílẹ̀, ọmọdé sùn sórí ẹrù, omi ìgò tí wọ́n ń tà, owó ẹ̀ dà bí owó òróró.

Àpótí irin kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Báàgì tí ò bá wọ inú ẹ̀, ẹ máa sanwó lé e. Mo rí ọkùnrin kan tó jókòó lé báàgì ẹ̀ lórí bí ẹni tó ń bá alágídí ọmọ jà. Èmi ti gbọ́n ṣáájú wọn. Láti ilé ni mo ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin àti ṣòkòtò méjì, kí báàgì mi lè fúyẹ́. Báàgì wọlé wọ̀ọ̀. Ẹni tó wà nínú aṣọ ló kù díẹ̀ kó kú. Mo ń làágùn bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé. Sálúbàtà yín ló wà nínú báàgì náà, èyí tí mo fi awọ rírọ̀ rán. Mo fi rọ́bà tí kì í yọ̀ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, torí mo rò ó pé bí ojú bá tiẹ̀ kọ̀, ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ yọ̀.

Ibi àyẹ̀wò ni ọ̀rọ̀ ti dàrú. Ẹ̀rọ wo inú báàgì mi, ó pariwo. Ọkùnrin tó ń yẹ ẹrù wò ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó tú u títí dé aṣọ inú, ó sì fa irin bàbá wa yọ, irin ẹlẹ́nu ṣóṣóró tí wọ́n fi ń dá awọ lu. Báàgì tí mò ń gbé lọ síbi iṣẹ́ náà ni mo gbé. Mo ti kó ọ̀bẹ jáde, mo kó òòlù jáde, mo kó gọ́ọ̀mù jáde. Irin yẹn ló ti bá ihò kan wọ abẹ́ aṣọ inú báàgì láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ibẹ̀ ni mo ti ń fà á yọ tí mo bá fẹ́ lò ó, ibẹ̀ ni mò ń dá a padà sí. Mi ò rántí pé ó wà níbẹ̀, bí ẹni tí kì í rántí pé òun ní ẹ̀dọ̀.

Ó ní, "Bàbá, èyí ò lè wọ bàálù." Mo ní, "Kí ni mo fẹ́ fi ṣe níbẹ̀? Ṣé bàálù yín wọ bàtà ni?" Kò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí garawa kan tó kún fún àlùmọ́gàjí àti ọ̀bẹ kéékèèké. Ó ní kí n jù ú síbẹ̀, tàbí kí n gbé e padà síta, àmọ́ kí n mọ̀ pé bàálù ò ní dúró dè mí. Màmá kan wà lẹ́yìn mi tó gbá búrẹ́dì mọ́ra. Ó bi mí pé ta ni mò ń lọ wò. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni, ojú ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ fún wọn lọ́la. Ó ní, "Ẹ jù ú nù, ọkọ mi. Irin pọ̀ lọ́jà. Ẹ̀gbọ́n ò pọ̀."

Mo gbọ́ ọ, mo ṣe bí adití. Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rò ó lọ́jọ́ yẹn pé irin ni mò ń yàn. Mo rò ó pé mo gbọ́n tó ẹni tó lè mú méjèèjì. Ọgbọ́n àgbọ́njù ló ń pa òdù ọ̀yà. Mo padà sí káńtà. Obìnrin tó wà níbẹ̀, ẹ̀rín ẹ̀ dà bí èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ètè, ó ní àwọn ò gba ẹrù mọ́. Mo bẹ ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn pé kó bá mi tọ́jú ẹ̀, ó ní òun kì í gba ẹrù ẹni tí òun ò mọ̀. Mo bá sáré bọ́ síta. Ìkòkò òdòdó ràgàjì kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo fi ọwọ́ gbẹ́ yẹ̀pẹ̀, mo sin irin bàbá wa síbẹ̀, mo tẹ yẹ̀pẹ̀ lé e lórí. Mo ní tí mo bá ti ọ̀dọ̀ yín dé, mo máa hú u.

Ìgbà tí mo padà sórí ìlà, ìlà ti gùn. Wọ́n ní kí n bọ́ aṣọ òkè. Mo bọ́ ọ, òmíràn wà lábẹ́ ẹ̀. Wọ́n ní kí n bọ́ ìyẹn náà, òmíràn tún wà. Ọkùnrin àyẹ̀wò yẹn, tí kò rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, ló wá ní, "Bàbá, ṣé àlùbọ́sà ni yín ni?" Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo tiẹ̀ dá a lóhùn, mo ní kó rọra bó mi kí omi má baà bọ́ lójú ẹ̀. Ibi tí mo ti ń dápàárá yẹn ni àsìkò yín ti tán.

Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn gíláàsì nígbà tí mo débẹ̀. Bàálù ṣì wà nílẹ̀ o. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ sídìí ẹ̀, kò jìnnà ju láti ìsọ̀ mi sí ibùdókọ̀ lọ. Mo rí màmá oníbúrẹ́dì lórí àtẹ̀gùn. Ó wẹ̀yìn, ó rí mi lára gíláàsì, ó mi orí. Mo bẹ òṣìṣẹ́ tó dúró síbẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ rí mi ni. Ó ní, "Ẹ dìde, bàbá. Tí a bá ti tì í, èmi gan-an ò lè ṣí i." Bàálù míì di ọjọ́ Ẹtì. Mọ́tò, ọjọ́ méjì gbáko. Ojú yín, àárọ̀ ọ̀la.

Mo jáde lọ hú irin. Ẹ̀ṣọ́ kan wá dúró lé mi lórí, ó ní, "Kí lẹ ń wá nínú òdòdó?" Mo ní, "Ogún bàbá mi." Ó wo ọwọ́ mi tó kún fún yẹ̀pẹ̀, ó wo ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, ó rọra bá tiẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo ti pè yín. Ojú tì mí láti sọ ọ́, ni mo bá ní bàálù bàjẹ́. Ẹ̀yin wá ní, "A dúpẹ́. Èyí tó bàjẹ́ nílẹ̀ sàn ju èyí tó bàjẹ́ lókè lọ. Ọlọ́run ló yọ ẹ́." Ẹ̀ bá bú mi ni, ì bá tù mí lára.

Ọmọ yín ti sọ ìyókù fún mi. Ó ní títí di òní lẹ ṣì ń dúpẹ́ pé Ọlọ́run yọ àbúrò yín nínú ewu. Ó ní ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ẹ ní kó bá yín wá àwòrán mi, ẹ gbé e súnmọ́ ojú pẹ́kípẹ́kí. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú ilé yín, èyí tí mo ti ṣẹ́jú nígbà tí wọ́n ń yà á. Bí èmi tí ẹ fẹ́ rí gbẹ̀yìn ṣe di ojú mọ́ yín nìyẹn. Ó ní nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, ojú òsì ò rí nǹkan kan, tọ̀tún ò ju pé ó mọ̀ bóyá ilẹ̀ mọ́ tàbí ilẹ̀ ṣú. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣíwọ́ ọpẹ́ yẹn. Kò séwu kankan tí wọ́n yọ mí nínú ẹ̀. Èmi ni mo sá fún yín nítorí irin.

Láti ọjọ́ náà, mi ò lè fi irin yẹn lu bàtà kankan. Tí mo bá mú un dání, ohun tí mò ń rántí ni bí bàbá wa ṣe máa ń di ojú tí wọ́n bá fẹ́ dá awọ lu. Ẹ̀yin lẹ bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Ojú ló ń bẹ̀rù, ọwọ́ kì í bẹ̀rù." Ọjọ́ yẹn lẹ ti kọ́ ọ. Ẹ máa ń dijú rán bàtà, okùn yín á lọ tààrà. Èmi tí mo la ojú kalẹ̀, tèmi á rí wọ́kọwọ̀kọ bí ipa ejò. Àmọ́ torí pé èmi ni ọkùnrin, èmi ni wọ́n gbé irin fún. Tiyín ni látìgbà náà. Mò ń gbé e bọ̀ wá fún yín. Mi ò sọ pé mo fi ń san ojú yín padà o. Kò sí irin tó lè san án. Ẹ ṣáà gbà á, kó kúrò lọ́wọ́ mi.

Kí Ọlọ́run fi ìmọ́lẹ̀ sínú ilé yín, kí ẹsẹ̀ yín má kọ, kí ọmọ tó ń di ọwọ́ yín mú má ṣe rẹ̀ láé. Tí ẹ bá máa bínú, ẹ bínú tẹ́rùn, àmọ́ ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Mo ti rí bó ṣe máa ń rí.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ fi ẹ̀yìn pọ̀n,
Ẹlẹ́jọ́ tí ẹjọ́ tán lẹ́nu ẹ̀.

Mo gbàgbé kékeré kan: mọ́tò ni mo máa wọ̀, ọjọ́ méjì ni, kò sẹ́ni tó máa tú báàgì mi wò. Ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni mo máa wọ̀. Tí ẹnì kan bá kanlẹ̀kùn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí kò sọ̀rọ̀, ẹ má bèèrè pé ta ni, torí mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Ẹ kàn na ọwọ́ sí i lójú. Àpá tó wà lókè ìpéǹpéjú òsì, èyí tí mo gbà lọ́jọ́ tí mo já bọ́ lẹ́yìn yín, ó ṣì wà níbẹ̀.