Orí Itan Fúnmi Ni Tọ́pẹ́ Ti Gba Abẹ́rẹ́

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Inú ń bí mi, mi ò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá Tọ́pẹ́ ló wá fi mọ́tò gbé èmi àti Tọ́pẹ́ ní Agboju lọ sí ọsibítù, òun àti Fúnmi, ìyàwó tó fẹ́ lẹ́yìn mi. Bí Tọ́pẹ́ ṣe rí nọ́ọ̀sì báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Mo dì í mú, mo ní, "Kò ní dùn ẹ́ rárá, ọmọ mi."

Ó pariwo mọ́ mi lójú gbogbo èèyàn. "Irọ́ ni, Mọ́mì! Ohun tẹ́ ẹ sọ níjọ́sí náà nìyẹn. Àǹtí Fúnmi ni mo fẹ́!"

Ọmọ ọdún márùn-ún. Ọmọ tí mo bí.

Fúnmi kọ́kọ́ wò mí. "Mọ́mì Tọ́pẹ́, ṣé kí n gbà á?"

Mo gbé e fún un. Ó gbé e lé itan, ó ní, "Ó máa dùn ẹ́ díẹ̀, á sì tán. Fẹ́ atẹ́gùn sí irun mi, ká wò ó bóyá á fò." Tọ́pẹ́ ń fẹ́ ẹ, ó ń rẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì sì ti ṣe tiẹ̀ tán. Tọ́pẹ́ sunkún díẹ̀. Àyà Fúnmi ló ti sun ún.

Abẹ́rẹ́ kan ṣì kù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tá a délé, mo pe Fúnmi lórí fóònù pé kó jọ̀ọ́ bá wa lọ.

Ó ní, "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbé e lé itan, mà. Màá kọ́ yín bí mo ṣe ń ṣe é."

Kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ mi!

Mo ní ó dáa.