Yanrìn Tí Wọ́n Bá Nínú Òṣùká Ìyá Ìyàwó Mi

Èmi ni mo sọ ìyá ìyàwó mi di olè. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ má wulẹ̀ wá orúkọ mi, ẹ ṣáà kà á tán kí ẹ tó ṣépè fún mi.

Ìwó ni ilé mi, akọ̀wé sì ni mí níbi tí òyìnbó kan ti ń wa ilẹ̀ létí odò lọ́nà Kuta. Kì í ṣe góòlù ló ń wá o, yanrìn wúwo kan ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi gàrí tó jóná, mónásáìtì ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní owó ńlá ni lókè òkun. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá ní kí n ṣe estimate... páànù erùpẹ̀ mélòó la máa fọ̀ kí agolo kan tó kún, obìnrin mélòó la máa gbà, èló ni yóò ná wa. Ọ̀lẹ ò jẹ́ kí n kó àwọn obìnrin jọ dán an wò. Mo gbé erùpẹ̀ lọ bá ìyá ìyàwó mi, tí wọ́n ti ń fi igbá sẹ́ góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láti kékeré. Páànù mẹ́wàá péré, agolo kún! Mo kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ogún páànù ò kún agolo. Ṣé kí n wá sọ pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni mo fi wọn ti gbogbo ayé? Èmi akọ̀wé? Mo ní àwọn obìnrin ń jí i ni. Ọ̀gá ní kí a máa tú irun wọn, kí a máa gbọn ìró wọn lójú ọkùnrin, ẹni tí agolo rẹ̀ ò bá kún kò ní gbowó ọjọ́ yẹn... kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi, torí kò sẹ́ni tó bi mí léèrè mọ́. Màmá ìyàwó mi, tí àwọn náà ti gbaṣẹ́ níbẹ̀, nìkan ni agolo wọn ń kún. Wọ́n pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá pé ọwọ́ àwọn nìkan ni mo fi ṣírò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn á sọ ọ́ fúnra àwọn ní Sátidé.

Inú bí mi. Opó tí kò ní ju ìyàwó mi lọ láyé! Lọ́sàn-án Sátidé, Màmá fi òṣùká wọn sílẹ̀ lọ ṣe àlùwàlá. Mo tú u, mo da ẹ̀kúnwọ́ yanrìn sí i, mo tún un ká. Nígbà tí a ń yẹ ara wọn wò, ó dà sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Àwọn obìnrin tí a ti ń tú irun wọn ló kọ́kọ́ lu Màmá. Wọ́n gbé agolo òfìfo lé Màmá lórí, wọ́n hó lé wọn wọ Kuta. Èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má pe ọlọ́pàá, ìyàwó mi sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí.

Lánàá, ìyá tí mo máa ń dọ̀bálẹ̀ fún kúnlẹ̀ fún mi. Wọ́n ní àwọn ti rò ó rò ó, bóyá páànù ló jò sínú òṣùká àwọn... tàbí bóyá àwọn jí i lóòótọ́, pé arúgbó ń gbàgbé nǹkan... wọ́n ní kí n dárí ji àwọn. Mo ní mo ti dárí jì wọ́n.

Kí ni kí n ṣe báyìí? Ṣé kí n sọ ọ́, kí ìyàwó mi kó jáde? Àbí kí n dákẹ́, kí Màmá kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé olè ni àwọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn... ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.